Níbo ni kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ lórí Buckethead, onígìtá tó ń dé garawa adìẹ?

AkọrinÒṣogbo

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń ta gìtá nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òṣogbo, mi ò sì tíì pẹ́ púpọ̀ nídìí rẹ̀. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni YouTube gbé ọkùnrin kan wá síwájú mi. Ó ga fíofío, ó fi ìbòjú funfun bojú, ìbòjú náà ò rẹ́rìn-ín, kò sì fajú ro. Ó wá dé garawa páálí tí wọ́n fi ń ta adìẹ díndín sórí, wọ́n kọ FUNERAL síwájú rẹ̀. Mo ní àwàdà nìyí. Àfi ìgbà tó fọwọ́ kan okùn gìtá.

Soothsayer ni wọ́n pe orin náà. Bí mo ṣe gbọ́ ọ tán ni mo tún un gbọ́, mo wá ní kí n lọ wo àwọn àwo rẹ̀ yòókù. Ẹ gbà mí! Wọ́n lé ní 300! Dátà mi ò lè gbé e, ọjọ́ orí mi pàápàá ò fẹ́ẹ̀ẹ́ lè gbé e.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ gbọ́? Kí tiẹ̀ ni garawa yẹn wà fún? Ìdí tí mo fi ń bèèrè ni pé ojú máa ń tì mí gan-an tí mo bá dúró síwájú ìjọ. Bó bá ti di pé kí n dá gìtá ta, tí gbogbo ohun èlò yòókù dákẹ́, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Àbúrò mi ní kí n wá ìbòjú tèmi náà. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o.

BàbáOnígìtá_Ìbàdàn

Kú iṣẹ́, ọmọ mi. A ò ní fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Bí ẹ̀rín bá fẹ́ pa wá, àbúrò rẹ la máa fi rẹ́rìn-ín.

Fi àwọn 300 yẹn sílẹ̀ ná. Colma ni kí o kọ́kọ́ gbọ́. Ọdún 1998 ló jáde. Ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn jẹjẹrẹ nígbà náà, ó sì fẹ́ ṣe orin tí ìyá náà lè máa gbọ́ lórí ibùsùn, orin tí kò ní dà á láàmú. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ariwo nínú ẹ̀. Gbogbo eré àsápajúdé tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n sá, ó kó o pamọ́.

Nínú ẹ̀ ni Big Sur Moon wà. Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ki íápíìsì bọ etí kí o tó gbọ́ ọ. Wàá rò pé èèyàn méjì ló ń ta á, ẹnì kan ṣoṣo sì ni. Ó ta nóòtì kan, pẹ́dà tó ń dá ohùn padà, èyí tí àwa onígìtá ń pè ní delay, wá dá nóòtì yẹn sí àlàfo tó wà ṣáájú èyí tó fẹ́ ta tẹ̀ lé e. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá yẹ̀ báyìí, gbogbo ẹ̀ á dàrú, torí pẹ́dà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí o bá ní fóònù tó lè gbé áàpù pẹ́dà, gbìyànjú ẹ̀ wò, wàá mọ̀ pé ìṣẹ́jú kan yẹn gùn.

Kí n tó gbàgbé, Colma jẹ́ ìlú kékeré kan lẹ́bàá San Francisco. Láti nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá ni San Francisco ti fòfin de sísin òkú sáàárín ìlú, Colma ni wọ́n sì ń kó òkú wọn lọ. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ níbẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó ń rìn lórí ẹ̀ lọ fíìfíì. Orúkọ ìlú yẹn ni ọkùnrin yìí fi pe àwo tó ṣe fún ìyá tó ń ṣàìsàn! Èmi tí mo bá dán an wò nílé wa, ìyá mi á dìde lórí ibùsùn wá gbá mi létí.

Tí o bá ti gbọ́ ìyẹn, wá bọ́ sórí Electric Tears, 2002. Gìtá nìkan, kò sílù. Soothsayer tìrẹ yẹn wà lórí Crime Slunk Scene ti ọdún 2006, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n òbí rẹ̀ obìnrin kan ló fi ta lọ́rẹ. Ẹ wòye pé èyí tí aráyé fẹ́ràn jù nínú orin rẹ̀, mọ̀lẹ́bí ló ń ta á fún.

ỌmọÈkó_Houston

Ẹ kú ọgbọ́n, Bàbá, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti Colma á rò pé onígìtá jẹ́jẹ́ ni. Bó bá wá ṣèèṣì kan àwọn tó le, á pariwo.

Àbúrò, gbọ́ Transmutation ti ẹgbẹ́ Praxis, 1992. Bill Laswell, olùgbéjáde orin ará Amẹ́ríkà, ló kó wọn jọ: Bootsy Collins lórí béèsì, Bernie Worrell lórí ọ́gàànù, Brain lórí ìlù, ẹnì kan tó ń yí rẹ́kọ́ọ̀dù, àti Buckethead tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ lógún ọdún láàárín wọn. Bootsy ti bá James Brown ṣeré, òun àti Bernie sì ti jọ bá George Clinton ṣe, àwọn àgbà olórin fọ́ọ̀nkì, kí ọmọ yìí tó mọ gìtá á dì mú. Gbọ́ Animal Behavior níbẹ̀. Bootsy ń kọrin bíi pé ó ń tan ọmọdé jẹ, gìtá sì ń gbọ̀nà ẹ̀yìn wọlé.

Ìdí tó fi yẹ kí èyí kan àwa gan-an rèé. Laswell yìí kan náà ni wọ́n gbé àwo Army Arrangement ti Fẹlá fún lọ́dún 1985, nígbà tí Fẹlá wà lẹ́wọ̀n. Ó tú u palẹ̀, ó pe àwọn àlejò wá sí i, Bernie Worrell yìí sì wà lára wọn. Inú Fẹlá ò dùn sí i rárá. Èmi náà ò fẹ́ràn ẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n nínú Praxis, kò sórin ẹnikẹ́ni tí Laswell ń tú, àwọn fúnra wọn ni wọ́n jọ ń dá a, ó sì yọrí.

Ọdún 1992 yẹn náà ni àwo àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti Buckethead fúnra rẹ̀, Bucketheadland, jáde ní Japan lábẹ́ ilé iṣẹ́ orin John Zorn, olórin ará Amẹ́ríkà. Ọgbà ìṣeré kan tó rò sọ́kàn ni gbogbo àwo náà dá lé. Gúúsù California, nítòsí Disneyland, ló ti dàgbà, ẹ rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá.

ÌyáTáyélolú_Peckham

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ìyá ọmọ bèèrè ọ̀rọ̀. Ṣé orí ọkùnrin yìí pé?

Ọmọ mi ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà tó ti ń ṣe gémù kan tí wọ́n ń pè ní Guitar Hero II. Orin kan wà nínú ẹ̀, Jordan, tó lè ba ìka ọmọdé jẹ́. Mo bi í pé ta ni ẹni yìí. Ó ní àwọn adìẹ ló tọ́ ọ dàgbà nínú ilé adìẹ. Mo ní ta ló tọ́ ta? Ó ní adìẹ ni, pé ó sì fẹ́ gba àwọn adìẹ sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń dín wọn tà. Mo wá ní kí ló dé tó fi ń dé páálí àwọn tó ń dín wọn? Ọmọ ò rí nǹkan sọ.

BàbáOnígìtá_Ìbàdàn

Ìyá Táyé, ẹ mà pa mí lẹ́rìn-ín. Orí ẹ̀ pé dáadáa. Eré ni ìtàn adìẹ yẹn, ó ti ń ṣe é tipẹ́, kì í sì í jáwọ́ nínú ẹ̀ lójú aráyé. Nígbà kan, bí oníròyìn bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ọmọláńgidi ọwọ́ kan tó ń jẹ́ Herbie ló máa ń bá a dáhùn.

Orúkọ àbísọ rẹ̀ ni Brian Carroll, 1969 ni wọ́n bí i. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ nípa garawa náà ò ju báyìí lọ: lọ́dún 1988, ó lọ wo sinimá Halloween kẹrin, ó ra ìbòjú funfun tó jọ ti apààyàn inú ẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà, ó ń jẹ adìẹ. Ó fi ìbòjú bojú, ó gbé garawa adìẹ dérí, ó lọ wojú ara rẹ̀ nínú dígí. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Kò sí babaláwo kankan níbẹ̀, kò sẹ́gbẹ́ òkùnkùn, ẹ má da àwọn tó ń ṣe fídíò lórí YouTube lóhùn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, kó tó di alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ti pẹ́ tó ti ń ta gìtá. Ọmọ ọdún 12 ló bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ bíi mélòó kan, títí kan Paul Gilbert, ẹni tí gbogbo wa tó ń kọ́ bí ọwọ́ ṣe ń yá mọ orúkọ rẹ̀. Ó fi orin kan ránṣẹ́ síbi ìdíje ìwé ìròyìn Guitar Player, kò gba ipò kìíní, ṣùgbọ́n etí Jas Obrecht tó jẹ́ olóòtú níbẹ̀ ṣí sí i. Obrecht ló wá ń ràn án lọ́wọ́, Buckethead tiẹ̀ gbé ní yàrá abẹ́ ilé Obrecht fúngbà díẹ̀. Garawa ló mú káyé wò ó, ṣùgbọ́n ká ní kò mọ̀ ọ́n ta ni, ìwòran ọjọ́ kan ni ì bá jẹ́.

Bọ̀dé_onílù

Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò tíì dárúkọ Lágbájá? Àwa náà ní tiwa.

BàbáOnígìtá_Ìbàdàn

A ní in, ṣùgbọ́n ìdí wọn ò papọ̀. Lágbájá bojú kó lè dúró fún gbogbo mẹ̀kúnnù tẹ́nikẹ́ni ò mọ orúkọ wọn, ìgboro ló kọjú sí. Buckethead bojú torí pé ojú ń tì í. Ẹ gbọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó ṣe lọ́dún 2017, níbi tó ti fi ohùn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, láìsí Herbie. Ọ̀rọ̀ onítìjú gbáà ni, ohùn pẹ̀lẹ́, ó ń wá ọ̀rọ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́.

Ọmọ Òṣogbo, ọ̀rọ̀ kàn ọ́ wàyí. Má dé garawa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ yín á ti máa lé ẹ̀mí òkùnkùn jáde kí o tó ta nóòtì kejì. Ohun tí garawa ń ṣe fún un ni kí o wá. Ó ń dí ojú àwọn èèyàn mọ́ ọn, kó má baà máa ka ojú wọn bó ti ń ta. Kúrò níwájú, lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ onílù yín, kọ ẹ̀gbẹ́ sí ìjọ díẹ̀, kí o tẹjú mọ́ ọrùn gìtá tàbí ọwọ́ onílù. Bí o bá máa ń dé fìlà, fà á wá síwájú. Bọ́ bá sì di ìgbà tí wàá dá ta, mọ gbólóhùn àkọ́kọ́ tí wàá ta kó tó di ọjọ́ ìsinmi, kí ó jẹ́ èyí tí ìka rẹ lè ta lójú oorun. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni ọwọ́ máa ń gbọ̀n sí. Tó bá ti kọjá, ara á balẹ̀.

ÌyáTáyélolú_Peckham

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ti ń gbàdúrà lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

OnígìtáAgbàṣe_Ìkẹjà

Èmi ń bá àwọn olórin ta gìtá lóde àríyá àti ní sitúdíò, iṣẹ́ agbàṣe ni tèmi. Ibi tí mo ti máa ń rí ẹ̀kọ́ kọ́ jù nínú ìrìn àjò ọkùnrin yìí ni ìgbà tó wọ Guns N' Roses, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ńlá ti Amẹ́ríkà, lọ́dún 2000.

Ẹ rò ó wò. Àyè Slash, onígìtá wọn tó ti kúrò nígbà náà, ló lọ dí, Slash tí gbogbo ayé mọ̀ mọ fìlà gíga. Oṣù kìíní ọdún 2001, wọ́n ṣeré ní Las Vegas lọ́jọ́ ọdún tuntun, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n forí lé Rock in Rio ní Brazil níwájú èrò rẹpẹtẹ. Ẹni tí ojú ń tì ni o. Ó dúró síbẹ̀ tòun ti garawa, ó jó bíi róbọ́ọ̀tì, ó yọ igi méjì tí wọ́n fi ṣéènì so pọ̀, èyí táwọn oníkaratí fi ń jà, ó fì í, ó padà sídìí gìtá.

Nínú sitúdíò, wọ́n kan ilé adìẹ fún un, èyí tó ní wáyà lára, kó lè jókòó sínú ẹ̀ gba orin sílẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń fi rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá tó bá gbà láti kan ilé adìẹ fún onígìtá rẹ̀ mọ ohun tó ń rà.

Àmọ́ iṣẹ́ náà ò parí bọ̀rọ̀. Àwo tí wọ́n ń ṣe, Chinese Democracy, wọn ò rí i gbé jáde títí òun fi bínú kúrò lọ́dún 2004. Wọ́n fagi lé eré tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Lisbon lẹ́yìn tó lọ. 2008 ni àwo náà tó wá jáde, gìtá rẹ̀ sì wà nínú ẹ̀ káàkiri.

Ibi tí mo ń bọ̀ rèé, àbúrò. Nínú ọdún mẹ́rin yẹn tí àwo olówó ńlá ò jáde, tirẹ̀ ń jáde. Electric Tears tí Bàbá dárúkọ, àárín iṣẹ́ yẹn ló ṣe é. Bucketheadland 2, 2003. Ó tún bá Les Claypool, Bernie Worrell àti Brain dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó kàn jókòó sínú ilé adìẹ yẹn máa retí, ìgbà wo là bá gbọ́ ọ?

Olórin kan wà tí mi ò ní dárúkọ, mo bá a gba odidi àwo kan sílẹ̀, ó ní tó bá jáde a ó jọ jẹun. Títí di òní mi ò rí àwo, mi ò rí oúnjẹ. Àwọn orin tí mò ń fi fóònù gbà sílẹ̀ nílé lálẹ́ nígbà yẹn ni mo wá ń rí tà. Tí wọ́n bá pè ọ́ síbi iṣẹ́ ẹlòmíì, lọ, gba owó ìṣáájú, má sì pa tìrẹ tì.

ỌmọÈkó_Houston

Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ọ́ dáadáa. Mo fẹ́ fi kún un pé kò pa àwọn tó ń pè é tì o. Viggo Mortensen, òṣèré fíìmù, ti ń bá a ṣe àwo ewì àti orin láti nǹkan bí 1997. Serj Tankian, akọrin ẹgbẹ́ System of a Down, náà gbé Enter the Chicken jáde fún un lọ́dún 2005. Ẹni tó bá fẹ́ orin tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí, ibẹ̀ ni kó lọ. Nottingham Lace tó kẹ́yìn àwo yẹn ò lọ́rọ̀, ṣùgbọ́n ó wà lára èyí tó dùn jù lọ létí mi.

AláwoFúnraẹ̀_Abẹ́òkúta

Ẹ jẹ́ ká dé orí 300 náà, torí òun ló dẹ́rù ba ọmọ yìí.

Pikes ni wọ́n ń pè wọ́n. 2011 ló bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, wọ́n ní nọ́ńbà bí ìwé àwòrán ọmọdé tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́dún 2014 ó gbé 60 jáde. Lọ́dún 2015, 118. Ẹ ṣírò ẹ̀: bí ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, àwo tuntun. Kò sílé iṣẹ́ orin tó lè gba irú ẹ̀, wọ́n á ní ọjà á kún. Òun ló ń tà á fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan nínú wọn jáde lọ́nà tó jẹ́ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ya èèpo wọn. Kó tó di ìgbà yẹn ló ti ṣe In Search of The lọ́dún 2007, àwo 13 nínú àpótí kan, ọwọ́ ni wọ́n fi kọ nọ́ńbà sí i.

Ṣé gbogbo wọn ló dùn? Rárá o. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n àwọn kan wà níbẹ̀ tó dà bíi pé ó kàn tan ẹ̀rọ, ó ta ohun tó wá sí i lọ́wọ́, ó tì í. Ìlù wọn jọra. Àwọn ololùfẹ́ rẹ̀ á bá mi jà, kò burú.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń tà fúnra rẹ̀ ni pé ẹni tó ra Pike kan, tó bá dùn mọ́ ọn, á fẹ́ ra mìíràn. Owó kékeré lórí àwo kékeré. Kò retí pé kí àwo kan ṣoṣo gbé òun lọ sókè. Àmọ́ kẹ́nikẹ́ni nínú wa má lọ sọ pé òun náà á ṣe 118 lọ́dún kan. Ó ti ta gìtá fún ọgbọ̀n ọdún kó tó dé ibẹ̀, kì í sì í ra iná lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀.

Tó o bá fẹ́ wọlé sínú Pikes, má tẹ̀ lé nọ́ńbà. Wo Pike 13, èyí tí kò ní àkọlé. Ó ṣe é láti fi rántí bàbá rẹ̀. Lórí èèpo ẹ̀, òun àti bàbá rẹ̀ ló dì mọ́ra nínú fọ́tò, kò sì dé garawa. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti ń tẹ̀ lé e láti ọdún 1992, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ojú rẹ̀.

Ní ti dátà, má wo fídíò. Rà á kí o fi MP3 gbà á wálẹ̀ lóru nígbà tí dátà bá ń pọ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Colma kan péré tó ọ fún oṣù kan.

Bọ̀dé_onílù

Ṣé ó ṣì ń jáde síta? Mo gbọ́ pé ó ti fẹ̀yìn tì.

ỌmọÈkó_Houston

Kò fẹ̀yìn tì. Ó dá ìrìn àjò eré dúró lọ́dún 2012, kò padà títí di 2016. Nígbà tó padà, òun nìkan ló ń dá dúró lórí ìtàgé, ìlù àti béèsì ti wà nínú ẹ̀rọ. Nínú ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́dún 2017 yẹn ló ti ní ọkàn òun máa ń lù ní ìlùkulù, pé àwọn dókítà ti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀.

Ẹni tó bá láǹfààní, kó lọ wò ó lójúkojú. Ní àárín eré, á gbé gìtá sílẹ̀, á gbé àpò ohun ìṣeré ọmọdé wá, á máa pín in fún àwọn tó wà níwájú láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Àwọn náà á máa fún un ní tiwọn. Àwọn àgbà onírùngbọ̀n ni mo rí tó ń na ọwọ́ sí ọmọláńgidi.

AkọrinÒṣogbo

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin bàbá, àti Mọ́mì. Mo ti gbọ́ Colma, mo ti gbọ́ Transmutation náà. Colma ni mo fẹ́ràn. Praxis yẹn, ẹ̀rù ṣì ń bà mí, mo máa padà síbẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù. Nínú àwọn orin rẹ̀, mo máa ń gbọ́ ibi tí ohùn gìtá á ti máa gé kú, kú, kú, kú, bí rédíò tí iná ń já. Ìka rẹ̀ ni, àbí ẹ̀rọ? Gìtá Stratocaster ayédèrú ni mo ní, fọ́lúùmù kan ṣoṣo ló wà lára ẹ̀.

AtúngìtáṢe_Mushin

Ẹnu iṣẹ́ mi lọ̀rọ̀ dé yìí.

Bọ́tìnnì ni. Wọ́n ń pè é ní killswitch. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́, ohùn kú. Bó bá ti gbọ́wọ́ kúrò, ohùn padà. Ọwọ́ òsì á di nóòtì kan mú lórí ọrùn gìtá, ọwọ́ ọ̀tún á máa lu bọ́tìnnì bí ẹni ń lu gángan. Gbọ́ Jordan tí Ìyá Táyé dárúkọ, ó wà níbẹ̀ kedere. Gìtá tí Gibson ṣe lórúkọ rẹ̀ lọ́dún 2010, Les Paul funfun báláú, bọ́tìnnì pupa méjì ló wà lójú ẹ̀, irú ti ẹ̀rọ gémù owó ẹyọ. Gìtá náà tóbi ju Les Paul yòókù lọ torí òun náà tóbi. Okùn rẹ̀ gùn ní ínṣì 27, nígbà tí ti Les Paul lásán ò pé 25. Ìdí nìyẹn tí okùn ò fi ń dẹ̀ tó bá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn tó ní Les Paul lè ṣe é láìná kọ́bọ̀: ti fọ́lúùmù píkọ́ọ̀pù kan (ohun tó ń gba ohùn okùn lójú gìtá) dé òdo, fi èkejì sí òkè, kí o wá máa já súwíìṣì wọn síwá sẹ́yìn. Tìrẹ ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ torí fọ́lúùmù kan ṣoṣo ló ní.

Ra bọ́tìnnì kékeré tó máa ń padà sókè fúnra rẹ̀, èyí tí iná kì í kọjá nínú ẹ̀ àfi tí o bá tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń ta ohun èlò rédíò ní in. Má ra èyí tó máa ń dúró sísàlẹ̀. Má lu ihò sí igi gìtá, ike pẹlẹbẹ tó wà lójú rẹ̀ ni kí o lu, nísàlẹ̀ fọ́lúùmù, níbi tí ọmọ ìka rẹ lè dé láìfi ibi tó ń ta okùn sílẹ̀. Kọ́kọ́ yọ ike náà kúrò kí o tó lù ú.

Wáyà méjì péré ni. Fi ọ̀kan so ẹsẹ̀ bọ́tìnnì mọ́ ẹnu jáàkì tí ohùn ń gbà jáde, fi èkejì so ẹsẹ̀ kejì mọ́ ti ilẹ̀ lára jáàkì kan náà. Tí o bá tẹ̀ ẹ́, ohùn á ṣubú sílẹ̀, ámípù á dákẹ́. Bó bá ń han-in lẹ́yìn tí o so ó tán, wáyà ilẹ̀ ni ò jó mọ́ ọn dáadáa, tún un jó. Tó bá sì jẹ́ pé gìtá dákẹ́ pátápátá, tó wá ń dún kìkì ìgbà tí o bá tẹ̀ ẹ́, bọ́tìnnì òdìkejì ni wọ́n tà fún ọ, dá a padà.

Ya fọ́tò ìdí jáàkì rẹ kí o gbé e síbí kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Àwọn ayédèrú kan, wọ́n máa ń yí àwọ̀ wáyà padà.